Ìtọ́jú Aláìsàn àti Ààbò Rẹ̀ Nínú Ilé-Ìwòsàn
Ọ̀rọ̀ tí a pèsè fún àwọn ará Arepo, Ibafo, Mowe àti Ifọ̀



Ẹni tí ó bá mọ Arepo kí ilé tó kún ibẹ̀ yóò rántí pé oko àti àbàtà ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ náà. Lónìí, ilé ti bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ó sì ti wọ inú lọ réré. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ibafo àti Mowe, bẹ́ẹ̀ sì ni Ifọ̀ ní ojú ọ̀nà Abẹ́òkúta. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ibẹ̀ ń jí lọ sí iṣẹ́ ní Èkó ní ìdájí, alẹ́ ni wọ́n sì ń padà. Nígbà tí àìsàn bá dé, ẹbí ni yóò pinnu ibi tí wọn yóò gbé aláìsàn lọ: ilé-ìwòsàn aládàáni tí ó wà ní òpópónà kejì ni tàbí Ṣàgámù, Abẹ́òkúta ni tàbí kí wọ́n dojú kọ Ìkẹjà. Ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń bi ara wọn kò ju mẹ́ta lọ: ta ni dókítà ibẹ̀, èló ni wọn yóò gbà, ǹjẹ́ iná àti omi wà níbẹ̀? Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí dára. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí kì í sábà jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni, òun sì ni ọ̀rọ̀ òní dá lé lórí: nọ́ọ̀sì mélòó ni yóò wà lẹ́bàá aláìsàn náà láàárín òru, aláìsàn mélòó ni ó sì wà ní ìkáwọ́ nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan?

Dókítà a máa wo aláìsàn, a kọ oògùn fún un, a sì kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Kì í ṣe àìbìkítà. Bí iṣẹ́ rẹ̀ ti rí nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ni ó ń dúró. Òun ni ó ń fún aláìsàn ní oògùn ní wákàtí tí ó tọ́, òun ni ó ń wọn ìgbóná ara àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, òun ni ó ń yí i padà lórí ibùsùn, òun ni ó sì máa ń kọ́kọ́ rí i pé mímí ẹni náà ti yàtọ̀ sí ti ìrọ̀lẹ́. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ojú tí ilé-ìwòsàn fi ń ṣọ́ orí aláìsàn, ojú nọ́ọ̀sì ni. Bí ojú kan ṣoṣo bá wá ní ogójì ibùsùn láti ṣọ́ ní òru kan, kò sí bí kò ṣe ní fo èyí tí ewu wà níbẹ̀ gan-an.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn lè rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò nílò ìwádìí, pé ẹni tí ó lójú ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣètò owó ìlú kì í fi ojú lásán ṣírò. Ẹ̀rí ni wọ́n ń béèrè. Àwọn nọ́ọ̀sì fúnra wọn ni ó lọ wá ẹ̀rí náà. Ní 2002, Linda Aiken, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Yunifásítì Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí ilé-ìwòsàn 168 ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Wọ́n bi àwọn nọ́ọ̀sì tí ó ju 10,000 lọ léèrè nípa iṣẹ́ wọn, wọ́n sì yẹ àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn tí ó ju 230,000 lọ wò, àwọn tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí wọ́n bá fi aláìsàn kan péré kún iye tí nọ́ọ̀sì kan ń tọ́jú, ewu ikú láàárín 30 ọjọ́ tí aláìsàn wọ ilé-ìwòsàn yóò fi ìdá 7 nínú 100 lé sí i. Níbi tí nọ́ọ̀sì kan bá ti ń tọ́jú ènìyàn 8 dípò ènìyàn 4, ewu náà lé ní ìdá 31 nínú 100.

Ó yẹ kí èyí yé gbogbo ènìyàn dáadáa, nítorí pé ìṣirò irú èyí a máa ru ni lójú. Kì í ṣe pé ènìyàn 7 yóò kú nínú gbogbo 100 tí ó bá wọlé. Bí ó bá jẹ́ pé láàárín ọ̀pọ̀lọpọ̀ aláìsàn, 100 ni ìbá kú tẹ́lẹ̀, wọn yóò di nǹkan bí 107 bí aláìsàn kan bá kún ti ọwọ́ nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Àwọn 7 tí ó lé yìí kò kú nítorí pé àìsàn wọn kò gbóògùn. Àìrí ẹni tètè rí wọn ni ó pa wọ́n: ẹ̀jẹ̀ ti ń rọ̀ lábẹ́ aṣọ tí wọ́n fi di ojú ọgbẹ́, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ti ń tutù, ọ̀rọ̀ ti ń dàrú lẹ́nu aláìsàn, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tí ó wà níbẹ̀ sì wà ní ìpẹ̀kun wọ́ọ̀dù kejì níbi tí ó ti ń fún ọmọ ọwọ́ ní abẹ́rẹ́.

Ní 2014, irú ìwádìí kan náà jáde láti orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ní Yúróòpù, nínú ilé-ìwòsàn 300, lórí aláìsàn tí ó ju 420,000 lọ. Ìdá 7 náà ni ó tún jáde. Wọ́n sì rí ohun mìíràn kún un: níbi tí àwọn nọ́ọ̀sì tí ó kàwé gba oyè yunifásítì bá ti fi ìdá 10 nínú 100 pọ̀ sí i, ewu ikú fi ìdá 7 dín kù. Ẹ̀kọ́ tí nọ́ọ̀sì kọ́ kì í ṣe ti ọ̀ṣọ́ nìkan, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti máa ń sọ. Ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé fi hàn pé nǹkan bí ẹnì kan nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ń gba ìtọ́jú ni ìtọ́jú náà fúnra rẹ̀ ń pa lára, àti pé ó ju mílíọ̀nù 3 ènìyàn lọ tí ń tipa bẹ́ẹ̀ kú lọ́dọọdún ní gbogbo ayé. Ó ju ìdajì ìpalára wọ̀nyí lọ tí ènìyàn ìbá ti dènà. Oògùn tí a ṣì fún ni wà nínú rẹ̀, àrùn tí a kó nílé-ìwòsàn wà nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí kò bá ara mu, ìṣubú láti orí ibùsùn, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe síbi tí kò yẹ. Nítorí èyí ni ìpàdé àgbáyé lórí ìlera ti 2019 fi ya ọjọ́ 17 oṣù September sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ọ̀rọ̀ ààbò aláìsàn.

Ọwọ́ ni kí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lé. Ní ìlú Vienna ní Ọ́síríà, ilé ìgbẹ̀bí ńlá kan ní ẹ̀ka méjì. Àwọn dókítà àti ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní ń gbẹ̀bí ní ẹ̀ka kìíní, àwọn agbẹ̀bí obìnrin ní ń gbẹ̀bí ní ẹ̀ka kejì. Ní 1846, ó ju 11 lọ nínú 100 abiyamọ tí ó kú ní ẹ̀ka kìíní. Ní ti àwọn agbẹ̀bí, kò tó 3. Àwọn aboyún ìlú náà mọ̀ ọ́n; wọn a máa bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe mú àwọn lọ sí ẹ̀ka kìíní. Dókítà Ignaz Semmelweis ronú títí ó fi rí i pé láti ibi tí wọ́n ti ń la òkú wò fún ẹ̀kọ́ ni àwọn dókítà ti ń bọ̀ wá gbẹ̀bí, nígbà tí àwọn agbẹ̀bí kì í fọwọ́ kan òkú. Ní oṣù May 1847, ó pàṣẹ pé kí olúkúlùkù fi omi klórínì fọ ọwọ́ kí ó tó fọwọ́ kan abiyamọ. Ikú tí ó ju 18 lọ nínú 100 ní oṣù April ọdún náà wá sí nǹkan bí 2 ní oṣù June. Ó yẹ kí wọ́n gbé e gẹ̀gẹ̀, ṣùgbọ́n inú bí àwọn àgbà dókítà ìgbà náà pé ó pe ọwọ́ wọn ní ẹlẹ́gbin, wọn kò sì gbà á gbọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ayé tó gbà pé òótọ́ ni ó sọ.

Lónìí, ìgbà márùn-ún ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ láti fọ ọwọ́: kí wọ́n tó fọwọ́ kan aláìsàn, kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ tí ó gba ìmọ́tótó bí abẹ́rẹ́ tàbí ojú ọgbẹ́, lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ara bá ta sí wọn, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọwọ́ kan aláìsàn, àti lẹ́yìn tí wọ́n bá fọwọ́ kan ibùsùn tàbí ohun tí ó yí i ká. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ kí aláìsàn, òfin náà kàn yín. Ọwọ́ tí ó di irin ọkọ̀ mú láti Berger, tí ó ka owó fún kọ́ńdọ́, kò yẹ kí ó lọ tààrà sí ara ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Bí omi kò bá sí nínú wọ́ọ̀dù, kí wọ́n béèrè ìdí rẹ̀. Ilé-ìwòsàn tí kò ní omi kò yàtọ̀ sí ibi ìdáná tí kò ní iná.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti egbò tí ń yọ ní ìdí, ní ìbàdí àti ní gìgísẹ̀ ẹni tí ó ti pẹ́ lórí ibùsùn. Púpọ̀ nínú yín ni ó ti rí i lára bàbá tàbí ìyá àgbà tí àìsàn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀. Awọ ara á kọ́kọ́ pọ́n, á dúdú, á bó, kò sì ní pẹ́ tí egungun yóò fi hàn. Ẹlòmíràn wà tí kì í ṣe àìsàn tí ó gbé e wá ni ó pa á bí kò ṣe egbò yìí. Nígbà kan, ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń ṣe ni pé kí wọ́n máa fi ọṣẹ, sípíríìtì, òróró tàbí páúdà ra ẹ̀yìn aláìsàn. Olúkúlùkù ní èyí tí ó gbẹ́kẹ̀ lé, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀ sì ṣe kọ́ ọ. Nọ́ọ̀sì kan tí ń jẹ́ Doreen Norton wá béèrè ìbéèrè kan tí kò ṣòro: ta ni ó ti wádìí rẹ̀ rí pé ó ń ṣiṣẹ́? Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì lọ sí àárín àwọn arúgbó nílé-ìwòsàn, wọ́n ṣọ́ wọn, wọ́n sì ń kọ ohun gbogbo sílẹ̀. Nígbà tí ìwádìí wọn jáde ní 1962, ó hàn gbangba pé kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ra ara ni ó ń dènà egbò. Ìwọ̀n ara tí ó tẹ ojú kan mọ́ ibùsùn ni ó ń pa awọ ara ibẹ̀, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò rí ọ̀nà dé ibẹ̀ mọ́. Yíyí aláìsàn padà ní wákàtí wákàtí tí wọ́n ti là sílẹ̀ ni oògùn rẹ̀.

Norton kò dúró síbẹ̀. Ó ṣe òṣùwọ̀n kan tí ẹnikẹ́ni tí ó bá lè ka iye lè lò. Ohun márùn-ún ni wọn yóò wò: bí ara aláìsàn ti le sí, bí ọkàn rẹ̀ ti jí sí, bí ó ti lè rìn sí, bí ó ti lè yí ara rẹ̀ padà sí, àti bóyá ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ń dà lára rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gba máàkì láti 1 dé 4. Ẹni tí ó pé ní 20 kò séwu fún un. Ẹni tí ó bá wà ní 14 tàbí kí ó dín, ojú kò gbọdọ̀ kúrò lára rẹ̀. Owó kékeré kan kò ná ni, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ kankan kò sí nínú rẹ̀. Pẹ́ńsù àti ìwé ti tó.

Nínú ọ̀rọ̀ egbò yìí ni ẹbí ti lè ran nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ jù lọ, bí wọ́n bá kọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn ni ó jẹ́ pé ẹni tí ó bá aláìsàn wá ni ó ń wẹ̀ ẹ́, tí ó ń bọ́ ọ, tí ó sì ń sùn sórí ẹní lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Àwọn kan ń wò ó gẹ́gẹ́ bí àbùkù. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn yìí kan náà, ní Aro l'Abẹ́òkúta, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ní 1954 láti fi àwọn alárùn ọpọlọ wọ̀ sí abúlé tí ó wà nítòsí ilé-ìwòsàn, pẹ̀lú ẹbí kan tí yóò máa se oúnjẹ fún olúkúlùkù, wọn a sì máa lọ gba ìtọ́jú lójúmọ́. Àwọn oníṣègùn láti ilẹ̀ òkèèrè wá kọ́ ọgbọ́n rẹ̀. Wíwà ẹbí nítòsí kò burú. Ohun tí ó burú ni kí wọ́n fi ẹbí dípò nọ́ọ̀sì, kí ìyá ọlọ́jà tí kò mọ̀ nípa rẹ̀ máa dá omi tí wọ́n ń fà sí ara aláìsàn dúró, tàbí kí ó máa yára sí i nítorí pé alẹ́ ti lẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ láàárín àwọn méjèèjì kò ju báyìí lọ. Nọ́ọ̀sì yóò ní, “Mama, ẹ jọ̀wọ́, bí agogo bá lu mẹ́wàá, ẹ pè mí kí a jọ yí Baba sí apá òsì. Ẹ má dá a ṣe o, kí ẹ̀yìn má bàa dùn yín.” Ìyá náà yóò ní, “Ó dáa, nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n gìgísẹ̀ wọn yìí ti ń pọ́n láti àárọ̀, ẹ bá mi wò ó.” Gbólóhùn kan náà láti ẹnu ìyá yẹn lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kúrò lórí ibùsùn.

Orúkọ tún ni ohun tí ń fa ìpalára. Ní apá ibi wọ̀nyí, kì í ṣòro kí Adébáyọ̀ méjì tàbí Fúnmiláyọ̀ mẹ́ta wà nínú wọ́ọ̀dù kan. Bí nọ́ọ̀sì bá bèèrè pé, “Ṣé ẹ̀yin ni Ìyá Fúnmi?” aláìsàn tí oorun ń kùn yóò dáhùn pé “Bẹ́ẹ̀ ni,” oògùn ẹlòmíràn yóò sì wọ ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́ nọ́ọ̀sì pé kí aláìsàn fúnra rẹ̀ sọ orúkọ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ jáde, kí wọ́n sì fi í wé ti ara káàdì. Ẹ má ṣe bínú bí wọ́n bá ń béèrè orúkọ yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Ẹni tí kò béèrè ni kí ẹ bẹ̀rù. Pàápàá jù lọ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ síni lára, ènìyàn méjì ni ó yẹ kí ó ka orúkọ àti irú ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lára àpò náà kí wọ́n tó so ó kọ́.

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ní 2008, nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìwé kékeré kan tí wọ́n gbọ́dọ̀ kà sókè kí dókítà tó mú ọ̀bẹ, àti kí aláìsàn tó kúrò lórí tábìlì: ta ni ẹni yìí, iṣẹ́ kí ni, apá wo, ṣé ẹ̀jẹ̀ wà nílẹ̀, ṣé gbogbo aṣọ àti irinṣẹ́ pé? Lọ́pọ̀ ìgbà, nọ́ọ̀sì ni ó ń kà á. Wọ́n dán an wò nínú ilé-ìwòsàn mẹ́jọ ní ìlú mẹ́jọ káàkiri ayé, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2009: ikú tí ó jẹ́ 1.5 nínú 100 tẹ́lẹ̀ wá sí 0.8. Ìwé ojú kan ṣoṣo ni o.

Ẹni tí ń ṣọ́ ẹlòmíràn, ta ni ń ṣọ́ òun? Ní oṣù January 1969, nọ́ọ̀sì míṣọ́nárì kan, Laura Wine, ṣàìsàn ní ìlú Lassa, ní apá tí ó jẹ́ ìpínlẹ̀ Borno báyìí. Wọ́n gbé e lọ sí Jos, ó sì kú níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì Charlotte Shaw, tí ó tọ́jú rẹ̀, fi aṣọ nu ẹnu rẹ̀ láìmọ̀ pé ọgbẹ́ kékeré kan tí ó wà ní ìka òun ti tó ọ̀nà fún àrùn. Òun náà kú ní oṣù February. Nọ́ọ̀sì kẹta, Lily Pinneo, tí ó tọ́jú àwọn méjèèjì, ṣàìsàn, wọ́n gbé e lọ sí New York, orí sì kó o yọ. Láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn nọ́ọ̀sì wọ̀nyí ni ayé ti mọ ibà Lassa. Ìbọ̀wọ́ ni kò sí ní ọwọ́ Shaw lọ́jọ́ náà.

Ọdún márùn-dín-láàádọ́ta lẹ́yìn náà, ewu kan náà dé ẹnu ọ̀nà àwọn ará Arepo. Ní ọjọ́ 20 oṣù July 2014, arìnrìn-àjò kan láti Làìbéríà ṣubú lulẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú ní Èkó, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn First Consultants ní Ọbáléndé. Àrùn Ebola ni. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh fura sí i, ó sì kọ̀ jálẹ̀ pé ọkùnrin náà kò ní jáde, bí wọ́n tilẹ̀ ń fúngun mọ́ ọn. Dókítà náà kú ní ọjọ́ 19 oṣù August. Nọ́ọ̀sì tí ó tọ́jú ọkùnrin náà wà lára àwọn tí ó kú pẹ̀lú. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn kú. Wọ́n tọpa àwọn tí ó súnmọ́ wọn, nǹkan bí 900 ènìyàn, wọ́n sì bẹ̀ wọ́n wò nílé nílé ní ìgbà tí ó tó 18,500. Ní ọjọ́ 20 oṣù October 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ń wọ bọ́ọ̀sì láti Ibafo lọ sí Ọbáléndé lójoojúmọ́ yóò mọ bí ó ti súnmọ́ tó. Bí ilé-ìwòsàn kò bá ní ìbọ̀wọ́ fún nọ́ọ̀sì rẹ̀, ìlú gbogbo ni ó wà láìní ìbọ̀wọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé ọgbọ́n àtòkèèrè nìkan ni gbogbo èyí. Ilé-ìwòsàn Sacred Heart ní Lántòrò, Abẹ́òkúta, ti wà láti 1895. Kọ́fowórọlá Àbẹ̀ní Pratt, tí wọ́n bí ní Èkó ní 1915, fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, ó sì lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní 1946 ní ilé-ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù, nínú ilé-ẹ̀kọ́ tí Florence Nightingale dá sílẹ̀ ní 1860. Aláìsàn kan níbẹ̀ kọ̀ pé kí aláwọ̀ dúdú má ṣe tọ́jú òun. Pratt kò tìtorí rẹ̀ padà. Ó wá sílé ní 1954, ó ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn yunifásítì ní Ìbàdàn, ó sì di mátíróọ̀nù ibẹ̀ ní 1964, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò jókòó sórí àga náà. Ní 1965, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, akitiyan rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn nọ́ọ̀sì ilẹ̀ yìí ti ń kọ́ bí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí, kì í ṣe bí wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́ nìkan. Pratt kú ní 1992.

Ìnira tí ó wà nílẹ̀ báyìí ni pé àwọn tí a kọ́ kì í dúró. Ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ orúkọ Nàìjíríà mọ́ orílẹ̀-èdè 55 tí òṣìṣẹ́ ìlera wọn kò tó rárá, tí kò yẹ kí àwọn ilẹ̀ ọlọ́rọ̀ máa lọ kó lójú méjèèjì. Ní oṣù February 2024, ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà fi òfin lélẹ̀ pé ẹni tí ó bá fẹ́ kí wọ́n jẹ́rìí sí ìwé rẹ̀ fún ilẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ ọdún méjì nílé. Àwọn nọ́ọ̀sì jáde sí títì ní Àbújá àti Èkó láti ta kò ó. Ìhà méjèèjì ni ó ní ẹjọ́ rò. Kò rọrùn láti fi òfin so ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò gbé e dé ọ̀sẹ̀ kejì mọ́lẹ̀. Kò sì rọrùn láti wo wọ́ọ̀dù tí ó kún fún aláìsàn, tí nọ́ọ̀sì méjì péré kù síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí gbogbo ènìyàn rántí ìdá 7 tí Aiken rí. Nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan tí ó bá lọ, àwọn aláìsàn rẹ̀ kò bá a lọ. Orí ẹni tí ó kù ni wọ́n ń bọ́ sí.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá gbé ènìyàn yín dé ilé-ìwòsàn, yálà ti ìjọba tàbí ti aládàáni, ẹ fi ìbọ̀wọ̀ béèrè pé nọ́ọ̀sì tí ó gba ìwé-ẹ̀rí mélòó ni ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru náà. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ní oṣù July 2018, ìjọba àpapọ̀ gbé ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn jáde, ẹ̀tọ́ méjìlá sì wà nínú rẹ̀: pé kí wọ́n sọ fún aláìsàn ní èdè tí ó yé e ohun tí ń ṣe é, pé kí wọ́n sọ iye owó fún un ṣáájú, pé kí àṣírí rẹ̀ má ṣe tú, pé kí wọ́n má ṣe ṣe ohunkóhun sí i lára láìgba àṣẹ rẹ̀, àti àwọn mìíràn.

Fún àwọn tí ń gbé ẹ̀bá títì márosẹ̀, òfin kan tún wà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ lórí. Bí ọkọ̀ bá dànù ní iwájú Mowe, tí ẹ sì gbé ẹni tí ó fara pa lọ sí ilé-ìwòsàn tí ó súnmọ́ jù, wọn kò gbọdọ̀ lé e padà nítorí owó tàbí nítorí ìdí mìíràn. Òfin Ìlera ti 2014, ní ìpín ogún, ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ aláìsàn pàjáwìrì yóò san 100,000 náírà, tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí kí ó jẹ méjèèjì. Bí ìtọ́jú bá sì pa ènìyàn yín lára, ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti orúkọ oògùn tí wọ́n fún un sílẹ̀, kí ẹ kọ́kọ́ mú un lọ bá olórí ilé-ìwòsàn náà. Bí kò bá dáhùn, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń dáàbò bo oníbàárà a máa gba ẹjọ́ aláìsàn, ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí sì wà fún èyí tí ó bá jẹ mọ́ ìwà nọ́ọ̀sì.